Plọ́ọ̀gì Tí Bàbá Ìyàwó Yàn

Ní gbogbo Kétu, bí ọkọ̀ bá ń wúkọ́, ọ̀dọ̀ Rùfáì ni wọ́n ń gbé e lọ. Kì í ṣe pé kò sí mẹkáníìkì mìíràn, wọ́n pọ̀ bí eṣú lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n Rùfáì Plọ́ọ̀gì ni àwọn awakọ̀ ń pe tirẹ̀, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn lọ. Ayé bọ̀lẹ̀kájà ló ti gbà á. Àwọn lọ́rì onípákó wọ̀nyẹn a máa jẹ ọ́ìlì bí ọmọ tó ń mu ẹ̀kọ, ẹnu plọ́ọ̀gì wọn, irin kékeré tó ń ṣáná sí epo, a sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Rùfáì a yọ plọ́ọ̀gì tútù inú wọn, a fi gbígbóná rọ́pò rẹ̀. Plọ́ọ̀gì gbígbóná ni èyí tó ń pa ooru mọ́ra, tó ń jó èérí ara rẹ̀ dànù. Tútù ní tirẹ̀ a máa tètè gbé ooru rẹ̀ fún irin ẹ́ńjìnì. Lọ́rì tó ti ń wúkọ́ bọ̀ láti Májídùn a dákẹ́ ikọ́, a máa kùn yùnmùyùnmù. Bí Rùfáì bá sì yọ plọ́ọ̀gì náà wò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a ti funfun, a gbé e sókè fún awakọ̀ rí, a ní, "Plọ́ọ̀gì funfun, ọkọ̀ aláàfíà."

Ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ọdún gbọọrọ, débi pé ó ti gbàgbé pé torí àwọn ọkọ̀ tó ń jẹ ọ́ìlì lòun ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ibi ohun tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ló ti máa ń ṣubú, torí kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bó bá dé ibẹ̀. Rùfáì kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Àwọn tí Suwebat ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ bí kò dúró, Ajarat ló dúró. Láti kékeré ni ọmọbìnrin náà ti máa ń jókòó sórí táyà àlòkù ní ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀, tó ń gbọ́ bí àwọn awakọ̀ ṣe ń kí i mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Ìkòsí, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ orí táyà yẹn kò kúrò nínú rẹ̀. Ẹni bá sọ pé Rùfáì ṣìṣe lórí ẹ́ńjìnì, kó yáa múra ìjà. Ìyá rẹ̀ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí ọkọ kan bá fẹ́ gbádùn lọ́dọ̀ Ajarat, àfi kó máa bá a yin bàbá rẹ̀.

Ọláìyá tó fẹ́ fẹ́ ẹ gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yìí, ó sì mú un ní òdodo. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti gbé Jámánì, ó sì ti dé wá síbi iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ọkọ̀ pupa kúkúrú kan ló kó bọ̀ láti ọ̀hún, irú rẹ̀ kò pọ̀ ní Èkó nígbà yẹn, ní ọdún tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá. Ọkọ̀ tóbò ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnì rẹ̀ tí èéfín ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń yí, tó sì ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ inú ibi tí epo ti ń jó. Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà á fò.

Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọlá ọkọ̀ yìí, bí Ọláìyá bá dé Kétu, inú iyanrìn tí ọ́ìlì ti rin ló ń dọ̀bálẹ̀ sí, tòun ti ṣòkòtò funfun. Àna ni àna ń jẹ́. Ọkọ ìyàwó tí kò tíì gbé ìyàwó lọ, ọmọdé ilé ìyàwó gan-an jù ú lọ. Bí bàbá ìyàwó bá ní oòrùn ti wọ̀ lọ́sàn-án gangan, tirẹ̀ ni kó wá àtùpà. Èyí wu Rùfáì, ta ni kò ní wù? Àṣé ìwà ọmọlúàbí náà lè pa ènìyàn bí kò bá sí ẹnu nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ni Ọláìyá gbé ọkọ̀ náà dé, tó ń wúkọ́. Ìtìjú ńlá gbáà ni kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa wúkọ́ láàárín àwọn lọ́rì tòmátì ní Mile 12. Ajarat jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, mo ní kó máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà."

Rùfáì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ plọ́ọ̀gì. Gbogbo wọn ló dúdú. Ó pòṣé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló fi èyí sí i?"

"Èyí tó bá ọkọ̀ wá ni, sà," Ọláìyá wí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti ọmọ iléèwé. "Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní plọ́ọ̀gì tútù ni kí á máa lò sí i, sà, torí tóbò."

"Àwọn tó ṣe é, ṣé wọ́n mọ Mile 12?"

"Rárá o, sà."

"Ṣé wọ́n mọ bí ènìyàn ṣe ń dúró sínú gósílò láti ibí yìí dé Ojota, tí ẹ́ńjìnì á kàn máa mu epo lásán?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, sà."

Ọ̀rọ̀ Rùfáì ní òtítọ́ nínú, ohun tó sì mú kó léwu nìyẹn. Lóòótọ́ ni plọ́ọ̀gì tútù máa ń dúdú bí ọkọ̀ bá ń fà bí ìgbín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kì í fà bí ìgbín títí. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Ọláìyá fẹ́ gbé Ajarat lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdána. Ọ̀nà márosẹ̀ tuntun ni wọ́n máa gbà, èyí tí wọn kò tíì ṣí pẹ́, ibi tí gbogbo ọlọ́kọ̀ Èkó ti ń dán agbára ọkọ̀ rẹ̀ wò.

Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ojota, sí ìsọ̀ Yàkúbù tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ Rùfáì láti ìgbà èwe ni Yàkúbù. Ó ti fojú rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó sì fẹ́ràn kó máa bá àwọn òyìnbó tó ń wá ra nǹkan sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n wá rà, ó gbé plọ́ọ̀gì méjì lé àtẹ́lẹwọ́. Ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n á ní ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n amọ̀ funfun tó wà lẹ́nu ọ̀kan gùn wọ inú lọ, ti èkejì kúrú.

"Ẹlẹ́nu gígùn yìí ni gbígbóná," Yàkúbù wí, "eléyìí ni tútù. Bàbá Ajarat, bó bá jẹ́ ọkọ̀ tóbò ni, tútù ni kẹ́ ẹ fi sí i. Tóbò yẹn ti ń fi ooru kún ooru. Bí plọ́ọ̀gì bá tún wá pa ooru mọ́ra nínú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, á pọ́n bí ẹyín iná. Epo á máa gbiná fúnra rẹ̀ kó tó tó àsìkò. Òyìnbó kan sọ fún mi pé irin inú ẹ̀ á yọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rùfáì lára díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun àti Yàkúbù nìkan ni, bóyá ì bá bi í ní ìbéèrè, ì bá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àna rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ajarat náà dúró, ó ń retí kí bàbá òun fèsì, ó ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de èsì náà. Àwọn awakọ̀ kan tó wá ra bẹ́líìtì ti yí orí padà.

"Yàkúbù," Rùfáì wí, "ìwọ ń tà á, èmi ń lò ó."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ajarat ló rẹ́rìn-ín jù. Yàkúbù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ẹlẹ́nu gígùn náà sílẹ̀ kíákíá. Rùfáì yíjú sí Ọláìyá.

"Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?"

Ọláìyá wo ilẹ̀. "Ohun tí ẹ bá ní kí á ṣe ni, sà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n padà sí Kétu, Rùfáì fi àwọn plọ́ọ̀gì gbígbóná sí i níṣojú gbogbo ayé, ó sì ju tútù sínú agolo irin jàkujàku tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ó ní kí Ọláìyá ṣáná sí i. Ọkọ̀ náà gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò wúkọ́, kò sì kú. Ajarat pàtẹ́wọ́. Inú Rùfáì dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, Ọláìyá wá gbé Ajarat kúrò nílé, Rùfáì sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gun òkè lọ sí Ojota. Ọ̀nà ṣófo díẹ̀, Ọláìyá tẹ iná. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀, tóbò gbé e. Nínú ariwo rẹ̀ ni Rùfáì ti gbọ́ ohùn kan, kékeré, tó mọ́ kedere, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mi ìṣó díẹ̀ nínú agolo mílíìkì. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ ti lọ.

"Kí lẹ gbọ́?" Suwebat bi í, torí ó rí i tó na ọrùn.

"Kò sí nǹkan."

Ṣùgbọ́n etí tó ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnì láti kékeré kì í gbàgbé. Ọkàn Rùfáì kò balẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ọláìyá dá Ajarat padà ní ìrọ̀lẹ́, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọkọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ń lọ dáadáa?"

"Bí ẹtu ló ń sá, sà. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá, ọwọ́ yín ò ní gbẹ."

Ó dá a lóhùn kíákíá jù, ojú rẹ̀ sì wà lára bàtà rẹ̀. Òun náà ti gbọ́ ìṣó inú agolo yẹn, kò sí bí kò ṣe ní gbọ́ ọ, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wojú bàbá ìyàwó rẹ̀, kó ní iṣẹ́ ọwọ́ yín kò dára? Rùfáì mọ̀ pé irọ́ ló pa. Ó sì dùpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé ó pa á. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ní kí Ọláìyá gbé ọkọ̀ wá kí òun bá a wo omi àti ọ́ìlì de ìrìn àjò ọ̀la. Ó wo omi, ó wo ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ṣèèṣì lọ síbẹ̀, ó tú plọ́ọ̀gì kan.

Ó funfun. Ó funfun bí ẹfun, kì í ṣe funfun tí Rùfáì máa ń gbé sókè fún awakọ̀. Lára amọ̀ rẹ̀ ni àwọn ohun wínníwínní kan ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń dán bíi fàdákà, wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Rùfáì gbé e sún mọ́ ojú. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Àpápá, Ògúntúndé, olóògbé, ti fi irú èyí hàn án rí, lẹ́ẹ̀kan péré. Ọkọ̀ òyìnbó kan ni wọ́n wọ́ wá. Ògúntúndé gbé plọ́ọ̀gì rẹ̀ sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ní, "Rùfáì, wo èyí dáadáa. Òógùn pístìnì nìyí. Irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì yẹn ló ń làágùn, ó ti ń yọ́. Ọjọ́ tó o bá rí i, má jẹ́ kí ọkọ̀ náà jáde níwájú rẹ, ìbáà ṣe ọkọ̀ ọba." Láti ìgbà náà kò tún fojú kàn án mọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Plọ́ọ̀gì ọwọ́ ara rẹ̀ ló wá rán an létí.

Ó gbójú sókè. Ọláìyá ń wo plọ́ọ̀gì náà. Ojú àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì sáré mú ojú kúrò lára ara wọn. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

"Bàbá, ó funfun, àbí?" Ajarat ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti dé láti Ìkòsí láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, ó sì ń na ọrùn láti ẹ̀yìn wọn. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ọmọ kékeré tó ń ka àkọ́sórí: "Plọ́ọ̀gì funfun, ọkọ̀ aláàfíà!"

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí Rùfáì ní láti sọ kò ju kékeré lọ. Mo ṣìṣe. Ẹ má lọ lọ́la. Ó la ẹnu, ó rí ojú ọmọ rẹ̀ tó ń tàn yòò sí i, ó rí àna rẹ̀ tó ti tẹ orí ba, ó sì rántí ẹ̀rín gbogbo wọn ní ìsọ̀ Yàkúbù. Kí ni wọn yóò máa pè é lẹ́yìn èyí? Ta ni yóò tún máa jẹ́ Rùfáì Plọ́ọ̀gì? Ó dá plọ́ọ̀gì náà padà sójú ihò rẹ̀, ó sì fún un le.

"Ẹ má sáré o," ó wí. "Ẹ rọra máa lọ jẹ́jẹ́."

"A ò ní sáré, sà," Ọláìyá dáhùn.

Kò rí oorun sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti rí ọgbọ́n kan dá. Kó tó di pé wọ́n lọ, á ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọlé kí òun bá wọn nu èérí ẹnu plọ́ọ̀gì, á dá àwọn tútù ìjọ́sí padà síbẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ náà á wúkọ́ díẹ̀ láti Kétu dé Ojota, kó wúkọ́, kò pa ẹnikẹ́ni. Ó kírun, ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó da agolo irin jàkujàku náà sílẹ̀. Ó rí nọ́ọ̀tì, ó rí bẹ́líìtì jíjá, ó rí plọ́ọ̀gì àwọn lọ́rì. Kò rí àwọn tútù náà.

Ó lóṣòó síbẹ̀ láàárín irin. Lẹ́yìn náà ó yé e. Ọláìyá ló ti kó wọn. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin náà ti rọra bẹ̀rẹ̀, ó kó plọ́ọ̀gì rẹ̀ sápò. Bó bá ti kúrò lójú àwọn àna rẹ̀, yóò dúró lẹ́bàá ọ̀nà, yóò pààrọ̀ wọn. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ti gbé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà.

Ìtura bá Rùfáì bí omi tútù. Ìtìjú bá a pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìtura ló pọ̀ jù. Gbogbo rẹ̀ á parí láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Nígbà tí ọkọ̀ pupa náà dé, Suwebat ti di iṣu àti ẹja gbígbẹ fún ìyá ọkọ, ó ń ṣàdúrà lé wọn lórí. Ajarat wọ aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, aláwọ̀ òfeefèé, tó bà á mu rékété. Ọláìyá dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe ń dìde, ohun kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kan ara wọn, wọ́n dún gbìn. Rùfáì gbọ́ ọ. Ọláìyá mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Wọ́n tún wo ara wọn, Rùfáì sì mi orí fún un díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, mo ti gbà, lọ ṣe é. Ó rò pé ọmọkùnrin náà gbọ́ ohun tí orí òun sọ.

"Ó dàárọ̀ ọ̀la kí ẹ tó dé, àbí?" Suwebat bèèrè.

"Bó bá wu Ọlọ́run, Mọ́mì," Ajarat wí. Ó yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, ó ń jù ú sí wọn títí ọkọ̀ fi ṣẹ́rí sí ọ̀nà Ojota. Rùfáì fetí sílẹ̀. Ìṣó náà ń mì nínú agolo.

Ó jókòó sórí táyà ní gbogbo ọjọ́ náà, kò lè ṣiṣẹ́. Awakọ̀ wá, ó ní kí wọ́n padà wá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n á ti dúró báyìí, wọ́n á ti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á ti fẹ́ wọ Ìbàdàn. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí lọ́rì kan yà kúrò lójú ọ̀nà wá síwájú rẹ̀. Nojeem ló wà á, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń kó tòmátì wá sí Mile 12. Kò pa ẹ́ńjìnì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, kò sì mọ ibi tó máa fi fìlà náà sí.

"Ọ̀gá Rùfáì," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé ká lọ."

"Ibo?"

"Ṣàgámù. Wọn ò kú o, Ọ̀gá, àwọn méjèèjì wà láàyè. Ẹ ṣáà wọlé."

Lójú ọ̀nà ni Nojeem ti sọ ohun tó rí. Ọkọ̀ pupa náà fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tán nígbà tí èéfín búlúù bo gbogbo ojú ọ̀nà, ẹ́ńjìnì há, táyà iwájú fi ariwo bọnu, ọkọ̀ sì yí wọ abẹ́ tírélà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí obìnrin náà jókòó sí. Rùfáì tẹ orí ba. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan.

Ní ilé ìwòsàn, Ọláìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti so apá rẹ̀ kọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i ní iwájú orí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti dé láti Ìbàdàn, ó dúró tì í. Bí Ọláìyá ṣe rí Rùfáì, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú apá tó ti ṣẹ́. Rùfáì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Kí ló ṣe ọkọ̀ yẹn gan-an?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè. "Ọkọ̀ tuntun!"

"Epo ni," Ọláìyá wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Epo burúkú la rà."

Rùfáì wo ọmọkùnrin náà. Ó ṣì ń bò ó, pẹ̀lú egungun tó ti ṣẹ́. Ó rọrùn kéèyàn dákẹ́. Ó ti dákẹ́ lánàá, ó dákẹ́ láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì ní kó wọlé wá wo ọmọ rẹ̀, kó má pẹ́. Ajarat dùbúlẹ̀ gbalaja, aṣọ ìbora funfun bò ó dé àyà. Ní ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì wà, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, pẹlẹbẹ ni aṣọ náà rí. Rùfáì rí i. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Bàbá mi," Ajarat wí. Ohùn rẹ̀ jìnnà, oògùn ti wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. "Mi ò jẹ́ kó yọ ọ́."

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Plọ́ọ̀gì yín. Ó dúró ní Ìbàfò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti mú sípánà dání. Ó kó àwọn dúdú yẹn jáde lápò, ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀." Ó sinmi, ó mí. "Mo ní, ṣé bàbá mi ni kò mọ iṣẹ́? Mo ní bó bá yọ plọ́ọ̀gì tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn yàn, kó gbé mi padà sílé, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ló bá bẹ̀ mí, ló pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó ní ká máa rọra lọ. Èmi ni mo ní kó sáré díẹ̀, kó rí bí iṣẹ́ yín ṣe dára tó."

Omi ń dà lójú Rùfáì, kò nù ún.

"Wọ́n ní epo ni," Ajarat wí. Ó wá ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ó sì rí i, ó dì í mú. "Epo ni, àbí, Bàbá? Plọ́ọ̀gì yín kọ́."

Ọláìyá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ń mi orí sí Rùfáì láti ibẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó má wí nǹkan. Rùfáì wò ó, ó wo ibi pẹlẹbẹ náà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Plọ́ọ̀gì mi ni," ó wí. "Mo ti rí i lánàá pé yóò ba ọkọ̀ náà jẹ́. Mo rí i, mo sì dá a padà síbẹ̀."

Ajarat wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri.